Ẹ Yẹ Ilẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Ra Àpò Yúríà Kejì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ti padà sóko, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo pè yín sí lónìí, ṣùgbọ́n ó lẹ́ka: bí ewé àgbàdo yín bá ń pọ́n rúsúrúsú, ẹ má tíì sáré lọ ra àpò yúríà kejì. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ilẹ̀ yín ti kan. Ilẹ̀ tó bá ti kan kì í jẹ́ kí ajílẹ̀ jíṣẹ́ tí a rán an. Owó yín á wọlẹ̀ lóòótọ́, kò kàn ní gba inú àgbàdo jáde ni.

Ẹ mọ bí ebi náítírójìn, oúnjẹ inú yúríà, ti í rí lára àgbàdo. Ewé ìsàlẹ̀, èyí tó dàgbà jù, ló kọ́kọ́ ń pọ́n. Pípọ́n náà á bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ewé, á gba ojú iṣan àárín wọlé lọ sí ìdí, etí ewé méjèèjì á sì wà ní tútù fún ìgbà díẹ̀, tí ẹ ó fi rí ohun tó jọ lẹ́tà V. Ewé tuntun tó wà lókè á ṣì máa dán, nítorí pé igi náà ń gba oúnjẹ lẹ́nu ewé àgbà fún ewé ọ̀dọ́. Ẹni tó bá rí èyí, tó ní náítírójìn ló wọ́n, kò purọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣìnà ni pé ẹ rò pé ohun tó wọ́n lára ewé gbọ́dọ̀ wọ́n nínú ilẹ̀ pẹ̀lú. Ó lè wà nílẹ̀ kó má dé ẹnu gbòǹgbò. Ó lè ti wà níbẹ̀ lánàá, kó sì ti bá omi lọ lónìí. Gbòǹgbò gan-an sì lè kúrú débi tí kò ní lè na ọwọ́ dé ibi tó wà. Ilẹ̀ kíkan lọ́wọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ilẹ̀ lọ wò ó. Yúríà tí ẹ dà sílẹ̀ kì í pẹ́ kó tó yí padà. Bí ilẹ̀ bá ti tutù, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti di amóníọ́mù. Ìgbẹ́ adìyẹ, ewé tó jẹrà, pòròpórò ọdún tó kọjá, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ: wọ́n á di amóníọ́mù nígbà tó bá yá. Amọ̀ inú ilẹ̀ a máa di amóníọ́mù mú pinpin, nítorí náà kì í rìn jìnnà. Gbòǹgbò ló máa wá a lọ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí, àwọn tí à ń pè ní bakitéríà, á wá gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìpín méjì ni wọ́n, bí ìgbà tí àwọn kan ń bó ẹ̀gẹ́ tí àwọn mìíràn jókòó ti agbada tí wọ́n ń yan gàrí. Ìpín kìn-ín-ní, tí Nitrosomonas wà lára wọn, ń sọ amóníọ́mù di náítíráìtì. Ìpín kejì, irú Nitrobacter àti Nitrospira, ń gba náítíráìtì yẹn, wọ́n ń sọ ọ́ di náítíréètì. Náítíréètì yìí ni àgbàdo, tẹ̀tẹ̀, tòmátì àti ọ̀pọ̀ ohun tí a ń gbìn sórí ilẹ̀ òkè ń rí jẹ jù lọ. Amọ̀ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ dì í mú. Inú omi ilẹ̀ ló ń gbé, bí gbòǹgbò bá sì ti ń fa omi mu, ó ń fà á mọ́ ọn. Àgbàdo lè jẹ amóníọ́mù náà o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé kò lè jẹ ẹ́. Àmọ́ náítíréètì ló ń wá bá a nílé. Ìyípadà láti amóníọ́mù dé náítíréètì yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní náítírífíkéṣọ̀n.

Kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 1877, nílẹ̀ Faransé, àwọn ọkùnrin méjì kan, Théophile Schloesing àti Achille Müntz, mú ọ̀pá gíláàsì gígùn kan, wọ́n kó yanrìn àti ìyẹ̀fun òkúta láìmù kún inú rẹ̀, wọ́n wá ń jẹ́ kí omi ìdọ̀tí ìlú máa kán sí i lórí díẹ̀díẹ̀. Fún nǹkan bí 20 ọjọ́, kò sí ohun tó yí padà. Amóníà inú omi ìdọ̀tí náà, ọmọ ìyá amóníọ́mù, bó ṣe wọlé lókè ló ń jáde nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni náítíréètì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bó bá jẹ́ pé yanrìn lásán ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kí ló ń dúró dè láti ọjọ́ kìn-ín-ní? Wọ́n jẹ́ kí òórùn kúlórófọ́ọ̀mù, oògùn tó ń kun ohun abẹ̀mí lóorun, wọ inú ọ̀pá náà, iṣẹ́ dúró. Wọ́n da omi tí wọ́n fi ṣan erùpẹ̀ ọgbà sí i, kò pẹ́ púpọ̀, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ohun abẹ̀mí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó di ọdún 1890 kí Sergei Winogradsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Zürich, tó rí àwọn kòkòrò náà yọ sọ́tọ̀. Oúnjẹ aládùn tí bakitéríà yòókù ń jẹ ni àwọn èèyàn ń gbé síwájú wọn tẹ́lẹ̀, wọn kò sì hù lórí rẹ̀. Winogradsky rí i pé amóníà ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀mí ró, àti pé inú irú afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí síta ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn.

Ẹ padà wo ọ̀pá gíláàsì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Òkúta láìmù tí wọ́n lọ̀ mọ́ yanrìn inú rẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe: kíkan ló ń pa. Àwọn tó ń pèsè ohun èlò ẹ̀tù ìbọn ní Yúróòpù láyé àtijọ́ ti mọ àṣírí yẹn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé bakitéríà wà: wọ́n á kó ìgbẹ́ ẹran, erùpẹ̀, eérú àti àwókù ògiri tí wọ́n fi láìmù rẹ́ jọ sí òkìtì, wọ́n á máa da ìtọ̀ sí i, tó bá pẹ́ títí wọ́n á fi omi ṣan náítíréètì jáde nínú rẹ̀. Bí kò bá sí eérú àti láìmù níbẹ̀, òkìtì á kan, iṣẹ́ á sì sú àwọn bakitéríà òṣìṣẹ́ wa.

Kí ló wá dé tí kíkan fi ń lé wọn? Ẹ kọ́kọ́ mọ òṣùwọ̀n tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n ń pè é ní pH. Méje ni àárín rẹ̀. Bó bá ti ń lọ sílẹ̀ sí i ni ilẹ̀ ń kan sí i. Ẹ ṣọ́ra fún òǹkà yìí o, nítorí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá: kíkan ilẹ̀ tó wà ní 5 jẹ́ ìlọ́po 10 ti ilẹ̀ tó wà ní 6, ó sì jẹ́ ìlọ́po 100 ti èyí tó wà ní 7. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ilẹ̀ yín kàn fi ẹyọ kan péré lọ sílẹ̀ kò mọ ohun tó ń sọ. Láàárín 6.5 sí 8 ni àwọn òṣìṣẹ́ wa ti ń ṣe dáadáa jù. Nísàlẹ̀ 6, wọ́n ń fà sẹ́yìn. Nísàlẹ̀ 5, ọ̀pọ̀ wọn ti káwọ́ gbera.

Ìdí kan wà fún èyí tí mo fẹ́ràn púpọ̀, nítorí pé ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Amóníà ni ìpín kìn-ín-ní ń jẹ ní tòótọ́, kì í ṣe amóníọ́mù. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, kíkan ilẹ̀ ló sì ń pinnu iye tí yóò wà lápá ọ̀tún àti iye tí yóò wà lápá òsì. Bí pH bá jẹ́ 7, nínú 1,000, bíi 5 tàbí 6 ni yóò wà gẹ́gẹ́ bí amóníà. Bí pH bá sọ̀ kalẹ̀ dé 5, inú 100,000 ni ẹ ó ti ṣa 5 tàbí 6 yẹn. Oúnjẹ kúnlẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣeé bù sẹ́nu.

Ìdí kejì ni álúmíníọ́mù. Ó pọ̀ nínú amọ̀ ilẹ̀ wa, kì í sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tí pH bá ju 5.5 lọ. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó ń yọ́ sínú omi ilẹ̀, ó sì ń ba gbòǹgbò jẹ́. Ẹ fa igi àgbàdo kan tu lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ rọra fọ ìdí rẹ̀ nínú korobá. Gbòǹgbò á kúrú, á nípọn, ṣóńṣó rẹ̀ á dà bí èyí tí iná rà, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bí irun tó yẹ kó bò ó á ti tán. Gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ kò lè lé náítíréètì bá nígbà tí omi bá ń gbé e lọ sísàlẹ̀. Álúmíníọ́mù yìí kan náà ló ń lẹ̀ mọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ajílẹ̀ NPK yín tí kò ní jẹ́ kó ṣeé lò.

Mi ò ní sọ fún yín pé iṣẹ́ náítírífíkéṣọ̀n ń kú pátápátá lórí ilẹ̀ kíkan. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní Aberdeen, ní Scotland, kéde pé àwọn ti rí ẹ̀dá kan nínú ilẹ̀ oko kíkan níbẹ̀, ẹ̀dá tí kì í tilẹ̀ ṣe bakitéríà gan-an, tó jẹ́ pé ilẹ̀ tí pH rẹ̀ wà láàárín 4 sí 5.5 ló ń wù ú gbé. Wọ́n sọ ọ́ ní Nitrosotalea devanaterra. Irú wọn ló fà á tí náítíréètì fi ń yọ jáde nínú igbó tí ilẹ̀ rẹ̀ ti kan láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Inú mi dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àgbàdo bá ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin títí dé ìgbà tó fẹ́ yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ebi tó ń pa á kì í dúró de òṣìṣẹ́ tó ń rọra ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù nìyí. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kíkan ń lé yìí, àwọn fúnra wọn ló ń ṣe kíkan náà. Bí wọ́n bá ti sọ amóníọ́mù kan di náítíréètì, ẹyọ méjì ohun tó ń mú ilẹ̀ kan ni wọ́n ń tú sílẹ̀. Bí gbòǹgbò bá rí náítíréètì náà jẹ, ó ń pa lára kíkan yẹn. Bí òjò bá ṣàn án lọ, kíkan á jókòó. Náítíréètì tó ń lọ kì í sì í dá lọ: kálísíọ́mù àti magnísíọ́mù ló ń bá a rìn, àwọn gan-an tí ì bá dúró pa kíkan. Ilẹ̀ á wá kan sí i, àwọn òṣìṣẹ́ á dín kù sí i, àgbàdo á pọ́n sí i, ẹ̀yin á sì tún gbé àpò mìíràn wá. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń dáko lọ́nà Ìsẹ́yìn sọ ọ́ fún mi láìpẹ́ yìí. Ó ní, “Bàbá, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àpò méjì tó mi. Ní báyìí mẹ́rin ò tó.” Ó rò pé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún òun. Ayédèrú wà lọ́jà, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n mo bi í bóyá ó ti gbé ilẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò rí. Ó rẹ́rìn-ín. Fóònù ló fi ń dáko. Ó mọ iye tí wọ́n ń ta àgbàdo ní Kánò lánàá, kò mọ pH ilẹ̀ tó dúró lé.

Gbogbo ajílẹ̀ kọ́ ló ń ba ilẹ̀ jẹ́ bákan náà. Ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún yúríà ni náítírójìn. Nínú sọ́féètì amóníà, ìdá 21 ni. Síbẹ̀ sọ́féètì ló burú jù fún ilẹ̀. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń lò ni pé kílò náítírójìn kan láti ara yúríà á gba nǹkan bíi kílò láìmù 1.8 kí ilẹ̀ tó padà síbi tó wà. Ti sọ́féètì á gbà tó 5.4. Ẹ bá mi ṣe é: àpò yúríà 50 kílò kan, ó gbà bíi 40 kílò láìmù; àpò sọ́féètì 50 kílò, ó ju 50 kílò láìmù lọ, bẹ́ẹ̀ ni náítírójìn inú rẹ̀ kò tó ìdajì ti yúríà. Ta ló ń ṣírò èyí mọ́ owó oko nínú yín? Nílé ìwádìí IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, wọ́n gbin àgbàdo léraléra fún ọdún mélòó kan lórí irú ilẹ̀ tiwa yìí, pẹ̀lú oríṣi ajílẹ̀ náítírójìn mẹ́ta. Sọ́féètì ló mú ilẹ̀ kan jù, yúríà tẹ̀lé e, èyí tí wọ́n lọ láìmù mọ́, tí à ń pè ní CAN, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ilẹ̀ ní nǹkan kan.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń já sí tí ẹnikẹ́ni kò bá dá a dúró, Rothamsted ní England ni kí ẹ wò. John Bennet Lawes àti Joseph Henry Gilbert bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan lórí pápá koríko níbẹ̀ ní 1856, wọ́n ń pè é ní Park Grass, ó ṣì ń lọ dòní. Wọ́n ń fún àwọn ojú ilẹ̀ kan ní sọ́féètì amóníà lọ́dọọdún. Wọ́n ń fún àwọn mìíràn ní náítírójìn tó ti di náítíréètì tẹ́lẹ̀ láti ara iyọ̀ sódíọ́mù. pH ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gba sọ́féètì láìsí láìmù ti lọ sílẹ̀ kọjá 4 báyìí. Oríṣi koríko díẹ̀ péré ló kù lórí wọn, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ oríṣi ti ń hù tẹ́lẹ̀. Koríko tó kú níbẹ̀ kì í tilẹ̀ jẹrà bó ti yẹ, ó ń ga lórí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn tó ń gba náítíréètì kò kan bẹ́ẹ̀. Láti 1903 ni wọ́n ti ń fi láìmù sí apá kan àwọn ojú ilẹ̀ náà, ẹni tó bá dúró lójú ààlà á sì rí ìyàtọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi hàn án.

Ẹ lè bi mí pé àwọn bàbá wa kò ra láìmù, báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n ń sun igbó. Eérú igi ńlá tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fa kálísíọ́mù láti ìsàlẹ̀ jíjìn ló ń bọ́ sórí ilẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n á gbin nǹkan sí i fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó di igbó. Wọn kò fi yúríà yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n tún mọ̀ pé ẹni tó bá gbìn nígbà àkọ́rọ̀ òjò ń rí èrè: ilẹ̀ tó gbẹ táútáú tí òjò wá rọ̀ sí lójijì a máa tú náítírójìn sílẹ̀ lápọ̀, ohun tí H. F. Birch ṣàlàyé láti Ìlà-oòrùn Áfíríkà ní 1958. Ẹ̀yin kò ní igbó tí yóò sùn fún ọdún mẹ́wàá. Ilẹ̀ kan náà ni ẹ ń tún dá lọ́dọọdún, ẹ sì ń fi àpò kan náà bọ́ ọ. Nítorí náà ohun tí igbó ń ṣe fún wọn, ẹ̀yin ni yóò fọwọ́ ara yín ṣe é.

Ilẹ̀ wa kò dọ́gba. Smyth àti Montgomery, tí wọ́n kọ ìwé nípa ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní 1962, fi orúkọ ìlú wa sọ ilẹ̀ wa: Ìwó, Ẹgbẹ́dá, Àpòmù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́dá ní amọ̀, ó lè fara da ìyà fún ìgbà díẹ̀. Àpòmù jẹ́ yanrìn jíjìn. Bí ẹ bá da yúríà sí i fún ọdún díẹ̀, á ti kan kí ẹ tó mọ̀, àmọ́ láìmù díẹ̀ náà ló máa gbà kó tó padà bọ̀. Apá Ìjẹ̀bú àti Òkìtìpupa, níbi tí òjò ti pọ̀ tí ilẹ̀ sì jẹ́ yanrìn, ń kan ju apá Ṣakí lọ. Kí ẹ má sì fi àwọ̀ ilẹ̀ dá a mọ̀. Ilẹ̀ pupa kan wà tí kò kan, ilẹ̀ dúdú kan sì wà tó kan gan-an.

Ó ku ohun tí ẹ ó ṣe. Ẹ gbé ilẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ẹ rìn wọ́gọwọ̀gọ kọjá oko, kí ẹ bu erùpẹ̀ níbi 15 sí 20, láti ojú ilẹ̀ dé nǹkan bíi 15 sẹ̀ǹtímítà nísàlẹ̀, sínú korobá rọ́bà tó mọ́. Ẹ má bù ú níbi tí wọ́n ti dáná, níbi tí màlúù sùn sí, tàbí lójú ibi tí ẹ fi ajílẹ̀ sí. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ sá a lábẹ́ òjìji, ẹ bu bíi ìdajì kílò nínú rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ oko sí i lára. Àkùrọ̀ ní tirẹ̀, ilẹ̀ òkè ní tirẹ̀. Ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ilé ìwádìí àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn àwọn yunifásítì wa ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí. Ẹ ní kí wọ́n sọ pH àti iye álúmíníọ́mù tó ti yọ́ fún yín, kí wọ́n sì sọ iye láìmù tí yóò gbà.

Òkúta tí láìmù ti ń wá kò jìnnà sí wa. Èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò àti Ṣàgámù fún sìmẹ́ǹtì náà ni, tí a bá lọ̀ ọ́ kúnná láìsun ún. Kì í ṣe sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ o, ẹ jọ̀wọ́. Bí ẹlòmíràn bá gbé ẹ̀lọ̀ funfun kan wá tó ní láìmù ni, ẹ bu díẹ̀ sínú ife, kí ẹ kán ọtí kíkan sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sàláàdì. Bó bá hó ṣùùṣù, òótọ́ ló sọ. Bó bá dákẹ́ síbẹ̀, ó lè jẹ́ ẹfun tí wọ́n fi ń kun ògiri ló tà fún yín, kò sì ní pa kíkan kankan. Ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin tí a lọ̀ á hó bákan náà, ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló máa jẹ ìgbín tó hẹ́kítà kan?

Ẹ da láìmù sílẹ̀ kí ẹ tó gbìn, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sì rò ó mọ́ ilẹ̀. Èyí tó bá wà lójú ilẹ̀ lásán kò ní yára sọ̀ kalẹ̀. Eérú yá ju láìmù lọ, ó sì ń mú pọ́táṣì wá. Eérú èèpo kòkó, tí àwọn ìyá yín fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, dára gan-an, ṣùgbọ́n ó máa gbà púpọ̀ kó tó kárí oko. Ẹ má lo eérú ààtàn tí wọ́n sun bátìrì àti ọ̀rá mọ́. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ń yé ẹyin wúlò ní ìlọ́po méjì, nítorí láìmù wà nínú oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ́ ọ kí èèpo ẹyin rẹ̀ lè le.

Ohun kan wà tí mo kìlọ̀ rẹ̀ gidigidi: ẹ má da eérú tàbí láìmù pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ náítírójìn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ bu sọ́féètì amóníà díẹ̀ sínú ife, ẹ fi eérú tútù sí i, ẹ gbé e súnmọ́ imú. Òórùn tó ń ta imú, èyí tí ẹ mọ̀ nínú ilé adìyẹ tí wọn kò kó ìgbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, owó yín ló ń fò lọ yẹn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí àárín wọn. Kí ẹ sì pín ajílẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ gbẹ́ ihò fún un, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀.

Àṣejù baba àṣetẹ́. Ẹ má fi agídí fẹ́ gbé ilẹ̀ wa dé 7. Láàárín 5.5 sí 6 tàbí kó fi díẹ̀ lé, ó tó àgbàdo. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, síǹkì àti máńganíìsì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, ẹ ó sì tún máa wá àìsàn mìíràn kiri. Iṣẹ́ náítírífíkéṣọ̀n gan-an kì í ṣe ohun tó yẹ kó máa sáré lójoojúmọ́. Náítíréètì tí igi kò tíì ṣe tán láti jẹ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ó sì lè dé inú kànga. Àjọ ìlera àgbáyé kò fẹ́ kó ju 50 mílígíráàmù lọ nínú lítà omi mímu kan, nítorí àwọn ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ti tún ilẹ̀ ṣe tí àwọn òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ dín ajílẹ̀ kù, ẹ má fi kún un.

Bí ẹ kò bá tíì rí láìmù rà, ẹ rántí pé ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń fara da ilẹ̀ kíkan ju àgbàdo lọ. Sóyà kì í fara dà á dáadáa.

Ó ku ọ̀rọ̀ onílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń yá ilẹ̀ dá. Láìmù kì í tán lọ́dún kan. Ọdún mélòó kan ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ fún ọdún kan, tó da láìmù sí i, onílẹ̀ ló fi owó rẹ̀ ta lọ́rẹ, onílẹ̀ náà sì lè fi dídára ilẹ̀ náà gbówó lé e lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ẹ lọ bá a kí ẹ tó na kọ́bọ̀. Ẹ mú ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ dání, ẹ kí i dáadáa, ẹ fi òǹkà náà hàn án, kí ẹ sọ pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ẹ ń fẹ́, tàbí kó yọ owó láìmù kúrò nínú owó ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí i, nítorí àwọn ni ẹ ó bá ṣe ẹjọ́ lọ́la. Bó bá kọ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ fi ẹ̀gẹ́ gba ilẹ̀ náà kọjá lọ́dún yẹn, kí ẹ sì máa wá ibòmíràn kí àkọ́rọ̀ òjò tó ń bọ̀ tó rọ̀.